Ìdáhùn Tí Mo Ń Fún Ọmọ Mi Lálaalẹ́

Ìró omi ló jí mi. Aago kan òru ti lù, gbogbo ilé ti sùn, mo sì rò pé ẹnì kan ló gbàgbé láti yí ẹ̀rọ omi pa. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ọmọ mi obìnrin ni mo bá níbẹ̀ nínú òkùnkùn, ó ń fọwọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà náà. Ó ń kà á lábẹ́ ahọ́n: mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún, méjìdínlógún. Ó fọ àárín ìka kọ̀ọ̀kan, ó fọ ẹ̀yìn ọwọ́, ó fọ ọrùn ọwọ́, ó ṣàn án, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó wò wọ́n fínnífínní, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. Nígbà tí mo tan iná, mo rí i pé ọwọ́ náà ti pọ́n, awọ oríkèé ìka rẹ̀ ti là bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ níbi méjì.

Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní ṣé kò mọ aago tó lù ni. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jalè, ó ní, "Màámi, wọn ò tíì mọ́." Mo yí omi pa, mo fà á lọ́wọ́ lọ sórí ibùsùn, mo padà lọ sùn, ọkàn mi sì balẹ̀ pé mo ti yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Ó tó ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn òru ọjọ́ yẹn kí n tó mọ ohun tí mo rí: àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní OCD, tí èrò tó ń dẹ́rù bani máa ń wọ inú èèyàn láìfẹ́, tá á sì máa ṣe ohun kan léraléra láti fi lé ẹ̀rù náà lọ. Nǹkan náà kò sá pamọ́ fún mi o. Ojoojúmọ́ ló wà níwájú mi, orúkọ mìíràn ni mo kàn ń pè é. Mo ń kọ eléyìí nítorí òbí tó ṣeé ṣe kó máa pe tirẹ̀ ní orúkọ mìíràn lọ́wọ́ tí mo ń kọ ọ́ yìí.

Orúkọ àkọ́kọ́ tí mo pè é ni ìmọ́tótó. Mo tiẹ̀ ń fi yin ọmọ náà lójú àwọn èèyàn. Nígbà tí ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tán láàárín ọjọ́ méjì péré, mo yí orúkọ náà sí oríkunkun, mo sì kó ọṣẹ pamọ́. Ó wá lọ ń lo ọṣẹ ìfọṣọ, ọwọ́ tó ti là tẹ́lẹ̀ bá di egbò. Nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kì í parí iṣẹ́ tí wọ́n bá fún un ní kíláàsì, mo pè é ní ọ̀lẹ. Mo ṣí ìwé rẹ̀ wò láti fi bá a wí, mo sì rí ojú ìwé kan tó ti lu. Ó ti kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó tún pa á rẹ́, títí pépà fi ya. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní lẹ́tà náà kò jókòó bó ṣe yẹ, àti pé tóun bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nǹkan burúkú yóò ṣẹlẹ̀ sí mi. Ó yẹ kí etí mi dúró lórí gbólóhùn yẹn. Mo ní kó yé sọ ìsọkúsọ, kó kọ iṣẹ́ rẹ̀ tán kó lọ sùn.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. "Màámi, ṣé ẹ ti ti ilẹ̀kùn?" Mo ti tì í. "Ṣé ó dá yín lójú?" Ó dá mi lójú. "Ṣé kò sí nǹkan kan lára ife yìí?" Kò sí. "Ṣé ẹ ò ní kú lóru?" Mi ò ní kú, ọmọ mi. Mo máa ń dáhùn. Ìyá wo ni kò ní dáhùn? Tí mo bá ti dáhùn, ojú rẹ̀ á rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, á mí kanlẹ̀, ìdùnnú á sì bá èmi náà pé mo ti ràn án lọ́wọ́. Ìgbà tí mo bá máa fi dé yàrá mi, á tún pè mí. Tó bá rí i pé ohùn mi ti ń le, á lọ bá bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ á dìde, á lọ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ara rẹ̀ fi ń balẹ̀. Kò pẹ́ tí mẹ́ta fi di márùn-ún.

Ibi tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ló kàn. Mo ṣàkíyèsí pé kò fẹ́ dá wà pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin mọ́, ọmọ ọdún mẹ́ta ni ìyẹn. Tí ọmọ náà bá wọ yàrá, òun á jáde. Tí mo bá ní kó gbé e, á káwọ́ sẹ́yìn. Mo rò pé owú ló ń jẹ. Mo bá a wí níwájú àwọn èèyàn, mo ní irú ẹ̀gbọ́n wo ni kò fẹ́ràn àbúrò rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo pa iná, ó sọ ọ́ sínú òkùnkùn, ojú rẹ̀ kọ ògiri. Ó ní àwòrán kan máa ń ṣàdédé wá sóun lọ́kàn pé òun fi ọ̀bẹ gún àbúrò òun. Ó ní òun ò fẹ́ ẹ, òun ò mọ ibi tó ti ń wá, òun máa ń gbìyànjú láti lé e lọ ṣùgbọ́n ṣe ló ń pọ̀ sí i. Ó wá bi mí pé, "Màámi, ṣé èèyàn burúkú ni mí?"

Ara mi di yìnyín. Mo ní rárá, èèyàn dáadáa ni, mo gbá a mọ́ra. Àmọ́ nígbà tó sùn, mo dìde, mo kó gbogbo ọ̀bẹ inú ilé, mo fi wọ́n pamọ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò jẹ́ kí àwọn méjèèjì wà nínú yàrá kan náà láìsí mi níbẹ̀. Mo rò pé kò mọ̀. Ọmọ tó ń ka ìṣẹ́jú tó fi ń fọwọ́, ṣé kò ní mọ̀ pé ọ̀bẹ kò sí níbi tó ń wà tẹ́lẹ̀? Ẹnu mi sọ fún un pé èèyàn dáadáa ni, ọwọ́ mi sì sọ fún un pé èmi náà gbà pé ó lè ṣe é.

A ti gbé ọwọ́ rẹ̀ lọ fún dókítà kan, ó fún wa ní ìpara. Òmíràn ní á dàgbà kọjá rẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi púpọ̀, torí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn nípa ìbéèrè alẹ́ tàbí nípa ọ̀bẹ. Ojú ń tì mí. Ohun tó fà mí jáde ni ọ̀rọ̀ kan tó sọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, láìsunkún, bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀: "Bóyá á sàn fún gbogbo yín tí mi ò bá sí." Mo sùn tì í lóru ọjọ́ yẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a ti wà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn, mi ò sì kúrò níbẹ̀ títí tí wọ́n fi ní kí dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ àwọn ọmọdé rí wa. Ẹ̀yin òbí, tí ẹ bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ má fi ọjọ́ kejì dá a.

Dókítà náà bá òun nìkan sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó pe èmi àti bàbá rẹ̀. Ó ní ìwé ìbéèrè kan lọ́wọ́ tí wọ́n fi ń wọn bí àìsàn yìí ṣe le tó lára ọmọdé. Ìbéèrè 10 ni wọ́n ń gba máàkì lé lórí, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 40. Wákàtí mélòó ni èrò náà ń gbà lọ́wọ́ ọmọ lójúmọ́? Báwo ló ṣe ń dí i lọ́wọ́ ẹ̀kọ́ àti eré? Tó bá fẹ́ dá a dúró, ṣé ó ṣeé ṣe fún un? Tí máàkì bá ti dé 16, wọ́n kì í fojú kékeré wò ó mọ́. Tiwa jẹ́ 27. Ó ní OCD ni wọ́n ń pè é. Ó bi wá bóyá ọjọ́ kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ lójijì lẹ́yìn tí ọ̀nà ọ̀fun ń dun ọmọ náà, nítorí pé láti ọdún 1998 ni àwọn oníwádìí ti ń ṣàlàyé irú èyí tó máa ń yọ báyẹn lẹ́yìn àrùn bakitéríà kan. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló wọlé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ. Ó dá mi dúró. Ó ní ní ọdún 1978, oníwádìí méjì, Rachman àti de Silva, bi àwọn tí àìsàn kankan kò ṣe bóyá irú èrò burúkú bẹ́ẹ̀ máa ń ṣàdédé wọ inú wọn. Púpọ̀ jù lọ ní bẹ́ẹ̀ ni: kí wọ́n ti èèyàn láti òkè, kí wọ́n pa ẹni tí wọ́n fẹ́ràn lára. Èrò wọn àti ti àwọn aláìsàn jọra gan-an. Ìyàtọ̀ ni pé ẹlòmíràn á ní "èrò wo nìyí?" á sì bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ mi ní tirẹ̀ gbá a mú, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé ẹni tó lè ṣe irú èyí lòun. Dókítà ní ohun tí ọkàn ọmọ náà kórìíra jù ni àìsàn yìí ń mú, torí ohun téèyàn kórìíra ló ń bà á lẹ́rù jù. Mo rántí owú tí mo ní ó ń jẹ. Mo sunkún níbẹ̀, níwájú ọmọ náà.

Ó wá ní ká ṣeré kan. Ó ní ká jókòó fún ìṣẹ́jú kan, ká má ṣe ronú nípa béárì funfun. Tó bá wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn, kó fọwọ́ gbá tábìlì. Oníwádìí kan tó ń jẹ́ Wegner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1987, agogo ni tiwọn. Àárín ìṣẹ́jú kan yẹn, tábìlì kò sinmi. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ìgbà tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ̀yin náà, Màámi?" Mo ní èmi náà.

Ìgbà tí dókítà dórí ọ̀rọ̀ ìdáhùn ni mo tó mọ ipa tèmi. Ó ní ó dà bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Bí a bá họ ọ́, á dùn lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà á yún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èrò á wá, ẹ̀rù á bà á, á fọwọ́ tàbí á béèrè, ẹ̀rù á rọlẹ̀, ọpọlọ á sì kọ́ ọ pé fífọ̀ yẹn ló gbà á là. Ìdáhùn tí mo ń fún un wà nínú ohun tó fi ń họ ọ́. Ó ní kí n lọ sílé, kí n má yí ohunkóhun padà fún ọjọ́ kan, kí n kàn máa fa ilà sórí pépà nígbàkigbà tí mo bá dá a lóhùn tàbí tí mo bá bá a ṣe ohun tí ẹ̀rù ń mú kó fẹ́. Nígbà tí alẹ́ lẹ́, ilà mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà níbẹ̀, ti bàbá rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀.

Mo wá ṣe àṣìṣe tí mo rò pé ọ̀pọ̀ òbí máa ṣe. Lọ́jọ́ kejì, mo dá gbogbo ìdáhùn dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ó béèrè, mo dákẹ́. Ó sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ní mi ò fẹ́ràn òun mọ́. Dókítà ní ẹ̀mí ọmọ náà gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kó mọ ohun tá a fẹ́ ṣe àti ìdí rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. A gé páálí sí wẹ́wẹ́, márùn-ún lálẹ́ kan. Páálí kan, ìbéèrè kan. Tó bá fẹ́ lò ó, á fún mi, mà á dáhùn lẹ́ẹ̀kan péré. Tí márùn-ún bá tán, ohun tí mà á sọ ni: "Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Mo mọ̀ pé o lè fara dà á." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká dín in kù sí mẹ́rin. Bàbá rẹ̀ gba òfin kan náà, nítorí bí ẹnì kan nínú ilé bá ṣì ń fọwọ́ kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀márùn-ún, òtúbáńtẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ìtọ́jú gan-an ni kó máa kojú ohun tó ń bà á lẹ́rù ní díẹ̀díẹ̀, kó má sì ṣe ohun tó máa ń ṣe láti fi lé ẹ̀rù náà lọ. Onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Victor Meyer ló kọ́kọ́ kọ nípa irú ìtọ́jú yìí ní London lọ́dún 1966. Ọmọ mi to ẹ̀rù rẹ̀ bí àkàbà, láti èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù. Ìgbésẹ̀ kìíní ni kó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, kó má fọwọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo jókòó tì í. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, kò jẹ́ kí wọ́n kan aṣọ rẹ̀. Òógùn ń yọ níwájú orí rẹ̀. Mo ń bi í ní ìṣẹ́jú méjì-méjì pé mélòó ni ẹ̀rù náà nínú mẹ́wàá. Mẹ́jọ. Mẹ́jọ. Méje. Márùn-ún. Nígbà tó ní mẹ́ta, ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò gbà á gbọ́. Ó ní, "Ó lọ fúnra rẹ̀."

Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí kò sí ohun tó lọ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti bàbá rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Dókítà sọ fún wa nípa ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2004, èyí tí wọ́n fi ọmọ 112 ṣe, láti ọmọ ọdún 7 sí 17, fún ọ̀sẹ̀ 12. Nínú àwọn tó gba ìtọ́jú ọ̀rọ̀, irú ti àkàbà yìí, àti oògùn sertraline pọ̀, nǹkan bí 54 nínú 100 ni àìsàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára wọn tán. Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ nìkan, nǹkan bí 39. Oògùn nìkan, nǹkan bí 21. Àwọn tó mu oògùn tí kò ní nǹkan nínú, nǹkan bí 4. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtọ́jú ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, nígbà tí kò lè gun àkàbà náà sókè mọ́, a fi oògùn kún un. Dókítà kò fi pamọ́ fún wa pé ọdún 2004 kan náà ni àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára irú oògùn yìí, pé ó lè mú kí èrò àtikú wọ inú ọmọdé kan. Nítorí náà, a ń ṣọ́ ọ gidigidi ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àti nígbàkigbà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá yí padà. Ọ̀sẹ̀ méje kọjá kí n tó rí ìyàtọ̀. Ká ní wọn ò ti sọ fún mi pé ó lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, mi ò bá ti dà á nù ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ọ̀bẹ ló wà lókè àkàbà náà. Mo kó wọn padà síbi tí wọ́n máa ń wà. Ó máa gé àlùbọ́sà nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá ń ṣeré nílẹ̀ nínú yàrá kan náà. Dókítà ní kí n jáde, kí n má sì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn máa yọjú. Mo jáde lọ síta. Mi ò lè ṣàpèjúwe ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn. Nígbà tí mo wọlé, àlùbọ́sà ti wà nínú àwo, ojú rẹ̀ pọ́n, àbúrò rẹ̀ sì ti gun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní àlùbọ́sà ló ń ta òun lójú. Bóyá òun náà ni.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ kì í fọwọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, máa ń fa irun orí ara rẹ̀ tu títí ibì kan fi pá. Mo yára sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n ṣe bí a ti ṣe, kí wọ́n to ẹ̀rù rẹ̀ bí àkàbà. Kò bá a mu. Ìwé tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀, èyí tó jáde lọ́dún 2013, to irun fífà àti awọ ara yíyọ sí ẹbí kan náà pẹ̀lú OCD, àmọ́ ẹ̀rù kọ́ ló sábà máa ń wà nídìí wọn. Ọmọ náà tiẹ̀ lè máa fà á láìmọ̀. Ìtọ́jú tirẹ̀, tí oníwádìí méjì, Azrin àti Nunn, gbé jáde lọ́dún 1973, ni kó kọ́kọ́ mọ ìgbà tí ọwọ́ bá ń gòkè lọ sórí, kó sì fi ọwọ́ náà ṣe nǹkan mìíràn, bíi kó di ẹ̀ṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ ọmọ yín wò. Ìrírí mi kò tó láti fi tọ́jú ọmọ ẹlòmíràn.

Bí ọmọ bá sì ti ń bàlágà, ó ń mọ bí a ṣe ń fi pamọ́. Nígbà tí tèmi pé ọdún mẹ́tàlá, inú mi dùn pé kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́ fún oṣù méjì. Ó wá fi fóònù rẹ̀ hàn mí fúnra rẹ̀. Google ló ń bi. Ìbéèrè kan náà, lọ́nà ogún, títí di aago méjì òru: báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá mo lè ṣe èèyàn ní jàǹbá. A padà sídìí páálí, ti fóònù lọ́tẹ̀ yìí. Ó sọ fún mi pé àwọn àṣetúnṣe kan wà tí òun ń ṣe nínú ọkàn lásán, kíkà àti títún gbólóhùn kan sọ, tí ẹni tó jókòó tì í kò lè rí. Láti ìgbà náà, mo yé máa wo ọwọ́ rẹ̀ nìkan, mo ń bi í bó ṣe ń ṣe é.

Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi lálẹ́. Ó ní, "Màámi, ṣé ẹ..." ó sì dákẹ́. Mo gbójú sókè. Ó mirí. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má dá mi lóhùn." Ó bá tirẹ̀ lọ. Mo gbọ́ nígbà tó ṣí ẹ̀rọ omi, mi ò sì mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Kí n tó ka ogún, omi ti dá.